Ọmọ mi bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n iná mọ́tò ń wọ̀ ọ́ lójú

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí, ẹ gbà mí. Ọmọkùnrin mi ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 4. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó yá, ó ti di ọmọ ọdún 12, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Láti bí oṣù mélòó kan ló ti ń sọ pé iná mọ́tò ń wọ òun lójú bí a bá jáde lálẹ́, pé ṣe ló ń tàn yòò bo gbogbo ohun tí òun ń wò. Bó bá ń kàwé nínú oòrùn, á ní lẹ́tà ń pòórá. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe awò ojú. Ó ka lẹ́tà ara ògiri láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ojú rẹ̀ dáa, pé fóònù ló ń wò jù. Bàbá rẹ̀ ní kí n yé wá wàhálà kiri, àìsàn ti lọ, kí n jẹ́ kó lọ. Ṣé ìtọ́jú ìgbà yẹn ló ń jà báyìí ni, àbí èmi ni mò ń bẹ̀rù lásán?

* * *

Ẹ ò bẹ̀rù lásán, ìyá wa. Ohun tí ọmọ yín ń sọ jọ èyí tí èmi náà ń sọ nílé ẹ̀kọ́ girama, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ìwé ni mi ò fẹ́ kà. Irú àìsàn yẹn náà ló ṣe mí ní kékeré. Ó padà wá lẹ́yìn ìtọ́jú àkọ́kọ́, ni wọ́n bá tan ìtànṣán tó ń pa jẹjẹrẹ sí gbogbo ara mi kí wọ́n tó pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun mi. Àìsàn náà lọ. Ojú mi ló wá san díẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì lè wo ojú ọmọ láti ibi tí mo jókòó sí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: oògùn wo ni wọ́n fún un? Ṣé wọ́n tan ìtànṣán sí i lórí? Ṣé wọ́n pààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun rẹ̀? Bí ẹ ò bá mọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orí ìdáhùn mẹ́ta yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé.

* * *

“Ó ka lẹ́tà délẹ̀, ojú rẹ̀ dáa.” Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ kí ẹ lè rí nǹkan sọ fún ẹni tó bá tún dá yín padà sílé.

Ohun kan wà lẹ́yìn ọmọlójú tó mọ́ gaara bíi dígí. Òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá lọ sí ẹ̀yìn ẹyinjú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tó ń di bàìbàì, òun ni wọ́n ń pè ní kátáráàtì. Èyí tí ìtànṣán tàbí oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dì bá fà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn dígí náà, ní àárín gbùngbùn, ojú ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà gan-an. Nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, ọmọlójú á ṣí gbayawu, ìmọ́lẹ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, ọmọ á sì ka lẹ́tà rẹ̀. Jẹ́ kó bọ́ sínú oòrùn, tàbí kí iná mọ́tò ṣàdédé tàn sí i: ọmọlójú á sún kì, gbogbo ìmọ́lẹ̀ á sì wá gba ibi tó ṣú yẹn nìkan, yóò fọ́n káàkiri. Bí a bá ń wo ohun tó sún mọ́ni náà, ọmọlójú máa ń sún kì, ìdí nìyẹn tí ìwé kíkà fi lè ni irú wọn lára nígbà tí wọ́n ṣì ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa.

Ọmọ yín ò purọ́, ògiri náà ò purọ́. Ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò ni kò jọ ibi tó ti ń jìyà.

Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé kí dókítà ojú gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń ta awò, kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i lójú, kó sì fi ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ wo inú ẹyinjú náà títí dé ẹ̀yìn. Ní ti fóònù, ó lè mú kí ojú rẹni, kó sì gbẹ nítorí a kì í ṣẹ́jú tó bí a bá ń wò ó. Iná tó ń tàn yòò káàkiri kì í ṣe ìṣe rẹ̀.

* * *

Ẹnì kan fèsì sí mi nípa kẹ́mò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, pé: “Kẹ́mò ló ń ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ẹ yéé fún àwọn ọmọdé ní kẹ́mò.”

Rárá o. Bí a bá kó gbogbo ẹ̀bi lé kẹ́mò lórí, a ò ní mọ ẹni tó yẹ ká tètè yẹ ojú rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn jẹjẹrẹ kì í bá ojú jà lọ títí. Nínú wọn, busulfan, tí wọ́n máa ń lò kí wọ́n tó pààrọ̀ mùdùnmúdùn, ni wọ́n mọ̀ dáadáa pé ó lè fa kátáráàtì. Vincristine lè mú kí ìpéǹpéjú ọmọ wálẹ̀ nígbà ìtọ́jú, ẹ̀rù á ba ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń padà sípò bí wọ́n bá dín oògùn náà kù tàbí tí wọ́n dá a dúró.

Sitẹ́rọ́ọ̀dì, ìyẹn prednisolone àti dexamethasone, ni ọ̀pọ̀ òbí gbàgbé. Wọn kì í kà á mọ́ oògùn jẹjẹrẹ nítorí pé wọ́n ń lò ó fún àìsàn mìíràn. Àwọn ọmọ tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ sì máa ń gbé e mì léraléra fún ìgbà pípẹ́. Ó lè fa kátáráàtì, ó sì lè mú kí omi inú ẹyinjú máa ti ojú láti inú ju bó ṣe yẹ lọ, èyí tó lè di gùlákómà. Gùlákómà kì í dunni níbẹ̀rẹ̀, kì í sì í fi ara hàn lára ògiri lẹ́tà. Àfi kí wọ́n wọn ojú, ìyẹn bí omi yẹn ṣe ń tì í láti inú tó.

Ìtànṣán wá ni ọ̀gá gbogbo wọn. Dígí inú ẹyinjú wà lára ohun tí ìtànṣán tètè ń pa lára nínú ara. Ìwọ̀n Gray ni wọ́n fi ń kà á. Nígbà kan, wọ́n gbà pé ó gbọ́dọ̀ tó Gray 2 kó tó lè ṣe dígí náà ní nǹkan. Ní 2011, ìgbìmọ̀ àgbáyé lórí ààbò ìtànṣán fà á wálẹ̀ sí 0.5. Ẹ fi wé ẹni tí wọ́n tan sí gbogbo ara: Gray 12, tí wọ́n pín sí ìgbà 6 láàárín ọjọ́ 3, jẹ́ ohun tí wọ́n máa ń lò. Pípín tí wọ́n pín in yẹn gan-an ṣe ojú lóore. Àwọn tí wọ́n tan gbogbo rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé àtijọ́ ni kátáráàtì mú jù.

Ẹ̀yìn ẹyinjú àti iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ le ju dígí yẹn lọ. Ìwọ̀n tó ga, bíi Gray 45 sókè, ló sábà máa ń bà wọ́n jẹ́, ìyẹn fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn wà nítòsí ojú, nínú imú tàbí nínú ọpọlọ. Ó lè gba oṣù tàbí ọdún mélòó kan kó tó hàn. Ohun tó bá bàjẹ́ níbẹ̀ kì í sábà ṣeé tún ṣe bíi ti kátáráàtì.

* * *

Ṣé kí wọ́n má fún wa ní ìtọ́jú yìí ni? Ìbéèrè yìí máa ń yọjú, inú sì máa ń bí mi sí i díẹ̀. Ẹni tó ń fi kátáráàtì ráhùn wà láàyè láti ráhùn. Bí wọ́n bá tún fi ìtọ́jú yẹn lọ̀ mí lónìí, màá tún gbà á. Ìjà mi ò sí lọ́dọ̀ ìtọ́jú náà. Ọ̀dọ̀ àwọn tó tọ́jú ọmọ tán, tí wọn ò sọ fún òbí rẹ̀ pé kó máa ṣọ́ ojú rẹ̀, ni ìjà mi wà.

* * *

Bí ó bá wá jẹ́ kátáráàtì ńkọ́? Bí iná ni ìjà yìí ń ràn láàárín àwọn òbí. Apá kan ní kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, apá kejì ní kí wọ́n dúró dìgbà tí ojú bá ṣú pátápátá, kó “gbó”.

Ọjọ́ orí ló máa ń dá ẹjọ́ yẹn. Nínú ọmọ kékeré, tí kò tíì pé ọdún 7 tàbí 8, ọpọlọ ṣì ń kọ́ bí a ti ń ríran. Bí ojú kan bá ń gbé àwòrán bàìbàì wá, ọpọlọ á pa ojú náà tì, á gba ti èkejì, bí ẹ sì ṣe iṣẹ́ abẹ tó dáa jù lọ lẹ́yìn náà, ojú yẹn lè má ríran dáadáa mọ́. Ìdúró ò sí fún irú wọn bí ó bá ti ṣú débi tó ń dí ìríran lọ́wọ́. Ní ti ọmọ ńlá àti àgbà, kò sí wàhálà bí ó bá ń rí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe: awò dúdú nínú oòrùn, fìlà olójú gbọọrọ, ìjókòó tí fèrèsé ò ti kọjú sí i nínú kíláàsì. Ìgbà tó bá ń dí i lọ́wọ́ ni kó lọ ṣe é. Èyí tó ní kó gbó yẹn, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Wọn kì í dúró dìgbà yẹn mọ́.

Kò sí omi tí à ń kán sójú tó ń fọ kátáráàtì, kò sì sí ewé tó ń yọ ọ́. Ẹni tó bá tà á fún yín, owó yín ló rí.

Ti èmi, mo dúró títí ìwé kíkà fi di ìyọnu, kí wọ́n tó yọ ọ́, ojú kan ṣáájú èkejì. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi ṣáájú ni pé dígí àtọwọ́dá tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kì í yí padà bíi ti ẹ̀dá láti wo ohun tó wà nítòsí. Mo ń rí ọ̀nà jíjìn bí ẹyẹ àṣá, ṣùgbọ́n mo di ẹni tó ń lo awò ìkàwé nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ò tíì mọ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn àkókò díẹ̀, ojú kan tún ń ṣú. Mo rò pé ó padà wá, àṣé awọ fẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn dígí tuntun ló nípọn. Wọ́n fi iná lésà lu ihò sí i, kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó wọ́pọ̀ gan-an, nínú ọmọdé pàápàá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó já yín láyà.

Àfikún kan fún àwọn tí jẹjẹrẹ wọn wà nínú ẹyinjú fúnra rẹ̀: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré la ojú yẹn nítorí kátáráàtì. Jẹjẹrẹ náà gbọ́dọ̀ ti dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí bí èyí tó kù nínú rẹ̀ bá rí ojú ọ̀nà jáde, ọ̀rọ̀ ti di mìíràn.

* * *

“Wọ́n ní ojú mi gbẹ, ṣùgbọ́n omi ló ń dà nínú rẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ẹ ṣàlàyé èyí fún mi.”

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí, torí ojú gbígbẹ ń ni mí lára ju kátáráàtì lọ. Wọ́n ń yọ kátáráàtì. Ojú gbígbẹ, bí a ṣe ń bá a gbé náà nìyẹn.

Omijé tó ń tọ́jú ojú kì í ṣe omi lásán. Òróró wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kó tètè gbẹ, nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń mú un lẹ̀ mọ́ ojú. Bí èyí kò bá tó, ojú á máa ta ọ́, bí ẹni pé yanrìn wà níbẹ̀, ara á wá da omi sí i bí ẹni ń paná. Omi ìpaná yẹn ni ẹ ń rí. Kì í dúró, ṣe ló ń ṣàn lọ, ojú á sì tún gbẹ.

Lára àwa tí wọ́n fi mùdùnmúdùn ẹlòmíràn tọ́jú, sẹ́ẹ̀lì ẹni tó fún wa lè gbéjà ko ara wa, ojú sì wà lára ibi tó máa ń bá jà jù. Ìtànṣán tó pọ̀ nítòsí ojú náà lè ba orísun omijé jẹ́. Síbẹ̀, omi tó ń dà lè jẹ́ pé ojúhò tó yẹ kó gba omijé sọ̀kalẹ̀ sínú imú ló dí lẹ́yìn ìtànṣán. Ìtọ́jú méjèèjì yàtọ̀. Ẹ má fúnra yín pinnu èyí tó jẹ́.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́: omijé àtọwọ́dá tí kò ní oògùn apakòkòrò nínú, torí ẹni tó ń kán an lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ ni oògùn apakòkòrò yẹn máa ń ta lójú. Mo máa ń kán an kó tó gbẹ, mi ò ń dúró kó dùn mí kí n tó kán an. Fáànù ò gbọdọ̀ kọjú sí mi. Mo máa ń fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bo ìpéǹpéjú kí òróró rẹ̀ lè yọ̀. Wọ́n tún fi ìdè kékeré dí ojúhò tí omijé ń gbà lọ, kí ìwọ̀nba tí mo ní lè pẹ́ lójú. Ẹlòmíràn sọ pé ìdè yẹn ò ṣe òun láǹfààní kankan, pé ṣe ló ń yún òun. Ó ṣeé ṣe. Wọ́n á yọ ọ́ bí kò bá gbà.

Èyí tí mo máa ń pariwo lé lórí ni oògùn ojú pípọ́n tí a ń rà fúnra wa. Àwọn kan nínú wọn ní sitẹ́rọ́ọ̀dì nínú. Ojú á mọ́ láàárín ọjọ́ kan, inú rẹ á dùn, ìwọ náà á máa kán an lọ. Ẹni tí sitẹ́rọ́ọ̀dì ti bá ojú rẹ̀ wí nígbà kan ni ẹ tún ń fún ní sitẹ́rọ́ọ̀dì láìsí ẹni tó ń wọn ojú rẹ̀.

* * *

Bàbá kan tí wọ́n yọ ojú kan fún ọmọbìnrin rẹ̀ nítorí retinoblastoma, jẹjẹrẹ inú ẹyinjú tó ń mú ọmọdé, béèrè pé ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn. Ó kàn yín ju àwa yòókù lọ, bàbá.

Ọmọ ń dàgbà, ihò ojú náà gbọ́dọ̀ bá a dàgbà. Bí wọ́n bá yọ ẹyinjú ní kékeré, pàápàá bí wọ́n bá fi ìtànṣán kún un kí ọmọ tó pé ọdún kan, egungun ibẹ̀ lè máà gbòòrò tó, ẹ̀gbẹ́ ojú kan á wá kéré sí èkejì. Ìdí kan nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń sá fún ìtànṣán báyìí níbi tí kẹ́mò bá ti lè ṣe é. Ìdí kejì ni pé àwọn tó bí àbùkù náà mọ́ra nínú apilẹ̀ àbùdá RB1 lè ní jẹjẹrẹ mìíràn lẹ́yìn ọ̀la níbi tí ìtànṣán bá kàn. Alfred Knudson, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ fi ìṣirò là á yé ayé ní 1971 pé ìpalára méjì ló ń dá jẹjẹrẹ yìí sílẹ̀, àti pé àwọn ọmọ kan ti gbé ọ̀kan wá láti inú oyún. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú àbúrò rẹ̀ wò láti ìgbà tí wọ́n bá ti bí i. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá rí funfun nínú ọmọlójú, tó jẹ́ àmì jẹjẹrẹ yìí.

Ojú àtọwọ́dá ńkọ́? Àríyànjiyàn wà lórí bóyá ká máa yọ ọ́ lálaalẹ́. Ohun tí àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń sọ ni pé kó wà níbẹ̀. Yíyọ rẹ̀ ṣáá ló ń mú kí ibẹ̀ máa yún ọmọ, kó sì máa da ọ̀yún. Kí wọ́n máa bá yín dán an lọ́dọọdún, kí wọ́n sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ọmọ bá ti ń dàgbà. Lórí awò, mi ò ní gbọ́ àwáwí kankan: ọmọ tó ní ojú kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lo awò polycarbonate tí kì í tètè fọ́, ìbáà jẹ́ pé kò nílò rẹ̀ láti ríran. Ìdáàbòbò ojú kan tó kù ni awò yẹn wà fún. Bọ́ọ̀lù tó ń fò lásán lè pa á lára.

* * *

Fún àwọn tí jẹjẹrẹ tiwọn wà nínú ọpọlọ, ráńpẹ́ ni màá sọ. Ọmọ lè ka lẹ́tà délẹ̀ kó má sì rí ẹ̀gbẹ́ kan rárá. Á máa fi èjìká kan gbá ilẹ̀kùn, á máa fo ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin ìlà nínú ìwé rẹ̀, wọ́n á ní kì í farabalẹ̀. Àyẹ̀wò ìbú ìríran ni kí ẹ béèrè fún. Bí wọ́n bá fi ọ̀pá tó ń fa omi kúrò lórí sí i, tí ojú rẹ̀ wá ń ṣú pẹ̀lú orí fífọ́ àti èébì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìyá tó béèrè, àti bàbá tó ní kí wọ́n jẹ́ kó lọ.

Ó yé mi. Bàbá tèmi náà fẹ́ sun gbogbo ìwé ilé ìwòsàn mi nígbà tí wọ́n ní mo ti yá, kí ibi má bàa rí ojú ọ̀nà padà. Ìyá mi ló kó wọn pamọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ojú mi dé, inú ìwé yẹn ni dókítà ojú ti rí iye ìtànṣán àti orúkọ oògùn. Kò ní láti méfò.

Ìlànà tí Children's Oncology Group, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ lé rọrùn: ẹni tí wọ́n tan ìtànṣán sí gbogbo ara rẹ̀, tàbí tó gba Gray 30 sókè sí orí tàbí ojú, kí dókítà ojú máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún; ẹni tí tirẹ̀ kò tó Gray 30, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta. Báwo lẹ ṣe máa mọ ẹgbẹ́ tí ọmọ yín wà láìsí ìwé? Bí ẹ ò bá ní ìwé, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn tó tọ́jú rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ àkópọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ fún yín: orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tí ìtànṣán kàn, iye Gray. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sí ibi méjì.

* * *

Ìyá náà tún kọ̀wé: “Mo ti rí ìwé náà. Dexamethasone wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n kọ ọ́ pé wọ́n tan Gray 18 sí i lórí. Mi ò tiẹ̀ rántí. Ṣé tirẹ̀ wá jẹ́ ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀?”

Rárá, mà. Ọdún mẹ́ta yẹn wà fún ọmọ tí kò ráhùn. Ẹni tó ń sọ pé iná ń wọ òun lójú ti kúrò nínú ètò yẹn, ó yẹ kó lọ báyìí. Ẹ mú ìwé náà dání, ẹ fi ìlà Gray 18 yẹn han dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ní kó wọn ojú rẹ̀ nítorí sitẹ́rọ́ọ̀dì. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé bí iná ṣe ń ṣe é, ẹ má sọ̀rọ̀ gbà á lẹ́nu. Bí wọ́n bá kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, ojú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì fún wákàtí mélòó kan, ìmọ́lẹ̀ á sì máa ta á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ mú awò dúdú lọ fún un, ẹ má gbà kó gun kẹ̀kẹ́ padà sílé, ẹ má sì mú ọjọ́ tó ní ìdánwò.